Àwọn Olórin Jáàsì Bàrígà àti Ìwé Irọ́ Tí Mo Bá Wọn Kọ

Mo ṣì kéré, ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ti gbọ́ púpọ̀ nípa ìgbà yẹn lẹ́nu àwọn òṣèlú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní olórin jáàsì ní Bàrígà ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, àti ìwé pélébé kan tí mo bá wọn kọ. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Mo ti kọ nípa olè, mo ti kọ nípa mínísítà, mo sì ti kọ nípa àwọn tó jẹ́ méjèèjì. Síbẹ̀, n kò tíì bá irọ́ kankan pàdé tó tì mí lójú tó ti inú ìwé yẹn.

Bàbá mi ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí kàlẹ́ńdà, Ṣómólú ló ń bọ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ la ní, lẹ́tà òjé la sì ń tò níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èmi ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n bá tò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ bàbá mi mọ iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kò yé e. Ó ti tẹ káàdì ìgbéyàwó kan rí tó fi orúkọ bàbá ìyàwó sí ipò ọkọ. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti sọ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé mo kà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn olórin náà mọ̀ yín. Afọnfèrè ni olórí wọn. Akọ̀wé ni ní pọ́ọ̀tù Àpápá, ó sì máa ń de táì labalábá mọ́ ọrùn nínú ooru ọ̀sán gangan. Bó bá ń fọn fèrè, ó máa ń dijú bí ẹni tí eyín ń dùn. Èkejì rẹ̀ ń tẹ píánò, tíṣà ni. Ẹ̀kẹta ń lu ìlù, ọmọ onílẹ̀ ni ní Ṣómólú, ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹ̀kẹrin ni ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, tó ń ta jìtá olókùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní béèsì. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹ̀bá ọ̀sà ní Bàrígà ni ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja. Mo mọ̀ pé àgbà ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ sí mi nígbà náà, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà yẹn lọ, ẹ má bínú bí n kò bá pọ́n wọn lé nínú ọ̀rọ̀ mi.

Káńsù tuntun kéde pé òun fẹ́ gba ẹgbẹ́ olórin kan tí yóò máa gba owó oṣù, tí yóò sì máa ṣeré níbi gbogbo ayẹyẹ ìjọba. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ ìwé wá, kí ìwé náà sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti kọ́ orin àti ẹni tó kọ́ ọ. Fún àwọn mẹ́ta àgbà yẹn, afẹ́ lásán ni. Wọ́n ti ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n fún ọmọkùnrin oníbéèsì, ọ̀rọ̀ ilé ayé rẹ̀ ni. Ọkọ̀ ojú omi méjì ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, ìyá rẹ̀ sì ti ta ọ̀kan láti fi ra jìtá yẹn. Bí orin kò bá di iṣẹ́, omi ló máa padà sí, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù kò sì lè bọ́ ilé wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni afọnfèrè ṣe wá sọ́dọ̀ bàbá mi, tó ní kí n bá àwọn kọ ọ́ nítorí pé mo mọ ìwé kọ. Ó ṣèlérí pé orúkọ mi yóò wà ní ẹ̀yìn ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Mo ra ìwé ìkọ̀wé tuntun, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan.

Olórí ni mo kọ́kọ́ bá. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

“Kọ ọ́ báyìí, ọmọ dáadáa. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ fèrè ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ òyìnbó ọ̀jọ̀gbọ́n kan.”

“Kí ni orúkọ òyìnbó náà, sà?”

Ó wúkọ́. “Òyìnbó ni. Ṣáà kọ ‘òyìnbó’.”

Mo kọ ‘òyìnbó’. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń padà lọ sílé, mo yà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń ta aṣọ ní Fádèyí, mo bi wọ́n léèrè ọdún tí ọkọ wọn lọ sí Ìlú Ọba. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aṣọ tí wọ́n ń ká fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

“Ìlú Ọba wo? Pọ́ọ̀tù Àpápá ni òpin ibi tó dé! Ṣé kò sọ fún ẹ pé òkú ni òun máa ń fọn fèrè tẹ̀ lé ni? Ibi ìsìnkú la ti pàdé. Iwájú pósí bàbá mi ló ti ń fọn ọ́n, tí mo ń sunkún, tí mo tún ń wò ó.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ rò ó wò. Àwọn tó ń fọn fèrè níwájú òkú máa ń rìn láti ilé dé itẹ́ òkú nínú oòrùn, wọn kì í sinmi, wọn kì í ṣi orin fọn, nítorí pé ọmọ olókùú kò ní gbà. Ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti rí èémí tó ní. Bó bá kọ ìyẹn sílẹ̀, kò sí ọlọ́gbọ́n tí kò ní ṣí fìlà fún un. Òyìnbó tí kò lórúkọ ló wù ú jù.

Onípíánò ní tirẹ̀ sọ pé òun gba sáàtífíkéètì láti ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní òkè òkun. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Ó ní ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìbàdàn. Ohun kan ti ń ṣe mí ní kàyéfì nípa ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀: kò lè tẹ píánò pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Bó bá ti jókòó, á bọ́ ọ, á ní ooru ló fà á. Ìdí rẹ̀ yé mi ní Abúlé Òkúta, nígbà tí mo bá alàgbà ìjọ aláṣọ funfun kan tí ọkùnrin yìí ń lọ tẹ́lẹ̀ rí sọ̀rọ̀.

“Dùùrù wa ló fi kọ́ṣẹ́,” ni bàbá náà wí. “Bó bá ti ṣi ohùn kan tẹ̀ báyìí, ìyá ẹgbẹ́ akọrin á ní kó tún un tẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é, láìwọ bàtà. Kí ló dé? Ṣé ó ní òun ò mọ̀ wá mọ́ ni?”

Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀.

Ti onílù ló burú jù. Ó ní ará Amẹ́ríkà kan tó bá ọkọ̀ òkun wá ló kọ́ òun. Mo bi àlàájà kan tí ilé wọn kọjú sí ilé rẹ̀.

“Ta? Ẹni tó máa ń fi agolo mílíìkì jí wa sààrì nígbà ààwẹ̀?” Àlàájà fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ó mọ̀ ọ́n lù o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láti kékeré ni, kò sẹ́ni tó lè sùn lọ bó bá ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kẹ̀? Ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà náà máa ń jí sààrì ni?”

Oníbéèsì ni mo bá kẹ́yìn. Etí omi ni mo ti bá a, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń to ẹja sórí ààrò. Èéfín bò wá mọ́lẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

“Màmá mi ni.”

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó rí i lójú mi, ó sì rọra ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀ ló máa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí bàbá kú, kò sí ẹni tó lè kọ ọ́, ni ìyá rẹ̀ bá gbà á kọ, obìnrin tí ohùn wọn nípọn bí ti ọkùnrin. Wọ́n ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀ bí wọ́n bá ń fa àwọ̀n.

“Èmi ni mo máa ń jókòó síwájú ọkọ̀,” ló wí. “Orin tí mo bá ti gbọ́ báyìí, ohùn tí màmá mi máa fi sí i lábẹ́ ni mo máa ń wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di jìtá mú, ohùn wọn náà ni mo ń wá.”

Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè bí wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. “Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ọ lórin? Èmi ń fa àwọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ mi, òun ló ń gbọ́.”

Ní ọjọ́ Sátidé, mo mú ìwé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ti máa ń ṣeré. Mo ti kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ fún mi nípa ara rẹ̀, ti Lọ́ńdọ̀nù, ti sáàtífíkéètì, ti Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ, mo ti ya á kúrò, ó wà nínú àpò mi, n kò fi hàn wọ́n. Olórí ń kà á, ó ń mi orí, àfi ìgbà tó dé orí ti oníbéèsì.

“Ìyá ẹlẹ́ja! Ẹ gbọ́ o, ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́ ọ ní jáàsì! Ṣé ẹja la fẹ́ lọ tà fún alága ni?”

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ dùùrù fún ọdún mọ́kànlá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi agolo mílíìkì jí àdúgbò rẹ́rìn-ín, ó tún fi igi ìlù gbá ìtan ara rẹ̀. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ẹ̀rín àwọn méjèèjì yìí.

“Ó yá, ọmọkùnrin, mú ọ̀kan,” ni olórí wí. “Gánà lo ti kọ́ ọ, tàbí kí o gbé jìtá ẹ, ká wá ẹlòmíì.”

Oníbéèsì ń nu ara jìtá náà bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò, ọkọ̀ tí wọ́n tà ni.

“Ẹ kọ Gánà, sà.”

Mo kọ Gánà. N kò ní sọ fún yín pé ọmọdé ni mí, pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Òótọ́ wà nínú àpò mi, lẹ́nu àwọn tó rí i lójú ara wọn, mo sì fi í pamọ́ nítorí orúkọ mi tí mo fẹ́ rí lẹ́yìn ìwé. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ lórí bébà dídán. Ó rẹwà. Irọ́ kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ rí ní Ṣómólú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n pe gbogbo ẹgbẹ́ olórin jọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Akoka. Gbogbo àdúgbò ló wá, nítorí wọ́n ní mínírà tútù yóò wà fún gbogbo ènìyàn. Ìyàwó afọnfèrè wà níbẹ̀, alàgbà wà níbẹ̀, àlàájà wà níbẹ̀. Ìyá oníbéèsì àti àwọn obìnrin ẹlẹ́ja jókòó sí ìlà kejì, wọ́n wọ aṣọ ìjáde wọn. Kánsílọ̀ kan tí agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀ ló di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ó ní òun máa ka ìwé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹni tí òun bá kà nípa rẹ̀ dìde kí ará ìlú rí i.

Mo rí i tí ojú olórí wa yí padà. Ó ti rò pé ìgbìmọ̀ nìkan ló máa ka ìwé náà nínú ọ́fíìsì. Àwọn ọlọ́gbọ́n yìí ti kọ ìtàn ara wọn bí ẹni pé àjèjì ni yóò kà á, wọ́n wá gbé e wá síwájú gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n láti kékeré.

Kánsílọ̀ ka ti Lọ́ńdọ̀nù. Olórí dìde. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Lọ́ńdọ̀nù bíi ti ibo? Ṣé kì í ṣe òun ló fọn fèrè níwájú òkú bàbá wa?”

“Tiwa náà!” ni ẹlòmíràn wí. “Ó sì fọn ọ́n dáadáa o! A ò mọ̀ pé fèrè Lọ́ńdọ̀nù ni!”

Gbọ̀ngàn dàrú. Nígbà tó kan onípíánò, alàgbà dìde pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, “Ọmọ wa, o ti rí bàtà wọ̀ nìyẹn?” Nígbà tó kan onílù, àwọn obìnrin kò jẹ́ kí kánsílọ̀ parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé, “Ẹ jí o! Ẹ dìde sààrì o!” Kánsílọ̀ fi etí agbádá nu omijé ẹ̀rín.

Ó wá ka ti oníbéèsì, pé Gánà ló ti kọ́ orin lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà. Ọmọkùnrin náà dìde, ó ń wo ilẹ̀.

“Gánà kẹ̀!” ni ẹnì kan wí. “Ìyá ẹ̀ ló jókòó yẹn! Ẹ bi wọ́n!”

“Ìyá, ẹ dákun, ẹ dìde,” ni kánsílọ̀ wí. “Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yín kọ́ orin ní Gánà?”

Wọ́n dìde. Wọ́n tún ìró wọn ró. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wo olórí ẹgbẹ́ tí òógùn ti bo ojú rẹ̀, tó ń fi ojú bẹ̀ wọ́n.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni wọ́n wí. “Gánà ni. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ yẹn kò sun ibòmíràn rí yàtọ̀ sí etí ọ̀sà. Ìyá náà kò tíì jókòó tí ọmọ fi na ọwọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Irọ́ ni màmá mi ń pa.”

“Há!” ni gbogbo gbọ̀ngàn wí. Bàbá arúgbó kan na ọ̀pá sí i. “Ìwọ ọmọ yìí! Ìyá rẹ lo ń pè ní òpùrọ́ láàárín ọjà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nítorí mi ni wọ́n ṣe pa irọ́ náà. Mi ò dé Gánà rí. Àwọn ló kọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, àwọn ni.”

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja bú sí ariwo. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kánsílọ̀ ju ìwé dídán wa sórí tábìlì, ó ní ìjọba olóòótọ́ ni ìjọba àwọn, kò sì sí àyè fún ẹlẹ́tàn nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó yẹ ká ti rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ mìíràn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ní Kúbà ni àwọn ti kọ́ orin. Kò sí aládùúgbò wọn kankan nínú gbọ̀ngàn.

Lórí àtẹ̀gùn ni olórí ti lé ọmọkùnrin náà kúrò nínú ẹgbẹ́, pẹ̀lú èébú tí n kò lè kọ síbí. Ọmọkùnrin náà gbé jìtá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń dúró dè é lábẹ́ igi.

“O pè mí ní òpùrọ́ níwájú ènìyàn,” ni wọ́n wí.

“Ẹ má bínú, mà.”

“Gbé jìtá yẹn dáadáa. Ọkọ̀ mi ni.”

Wọ́n rí mi níbi tí mo fara pamọ́ sí, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo kọ ọ́? Orúkọ ẹ wà níbẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n mi orí. “Ó dáa kí orúkọ èèyàn wà níbì kan.” Wọ́n sì bá ọmọ wọn lọ sí ìhà omi. Ìdí ẹja ni ọmọkùnrin náà padà sí, ó sì ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹgbẹ́ jáàsì náà tú ká kí ọdún tó parí. Mo gbọ́ pé olórí padà sí ìdí òkú, ó sì tún ń fọn ọ́n dáadáa.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ olórin máa ń fi ìtàn ara wọn ránṣẹ́ sí mi kí n lè kọ nípa wọn. Gbogbo wọn ló kọ́ṣẹ́ ní òkè òkun, gbogbo wọn ló ní ọ̀gá tí kò lórúkọ. Mo máa ń kà á bí mo ṣe ń ka ìwé tèmi ìjọ́sí, pẹ̀lú ìríra. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irọ́ wọn pọ̀ ju tiwa lọ. Bákan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òpùrọ́ ayé ìgbà yẹn ní láti gba àárín àwọn tó mọ̀ ọ́n kọjá. Lónìí, inú fóònù ló ti ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì sọ̀rọ̀, àjèjì sì ń pàtẹ́wọ́. Ní Ṣómólú níbí, èmi fúnra mi kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé òkè ilé mi. Gbọ̀ngàn tí mo sọ yẹn ṣì wà, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Bí wọ́n bá ka irọ́ níbẹ̀ lónìí, wọ́n á kà á já, torí kò sí ẹni tó máa pariwo láti ẹ̀yìn.